Rọ́bà Abẹ́ Síǹkì: Àkọsílẹ̀ Oṣù Márùn-ún

Ní Sátidé kan níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, bàbá onílé wa kan ilẹ̀kùn. Wọn kì í sábà gòkè wá. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Tí wọ́n bá fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀, wọ́n á dúró sí ìsàlẹ̀, wọ́n á pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ náà, àwọn fúnra wọn ni wọ́n rọra gun àtẹ̀gùn dé òkè kejì tí à ń gbé, wọ́n fi etí agbádá bo imú.

"Ìyàwó, kí ló kú sílé yín?"

Nǹkan kan ò kú. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi di ọ̀la. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì. Rọ́bà pẹ́ńtì onílítà 20 ló wà níbẹ̀, àjẹkù oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló sì wà nínú rẹ̀: èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìrẹsì àná, eegun ẹja, ọbẹ̀ ilá tí kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ ẹ́ mọ́. Èrò mi ni pé ó ń kan lọ́wọ́. Mo gbé ìdérí kúrò, mo rí ìdin tó ń rìn yí etí rọ́bà ká, wọ́n funfun, wọ́n sanra. Òórùn tó tú jáde lé mi padà sẹ́nu ọ̀nà.

Mo ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí rọ́bà yẹn sílẹ̀, àti sí rọ́bà tó tẹ̀ lé e, torí pé gbogbo ohun tí mo kà kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àjẹkù ilé ìdáná di ajílẹ̀, ará ìlú olótùútù ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ẹni tó ń gbé òkè kejì ní Sùúrùlérè, tí kò ní ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ẹní kan, tí iná ń lọ mọ́ lójú, tí eṣinṣin sì ti mọ ojú fèrèsé rẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Ohun tó gbé mi débẹ̀

Àwa márùn-ún là ń gbé yàrá mẹ́ta: èmi, ọkọ mi, ọmọ méjì, àti àbúrò ọkọ mi tó wà ní yunifásítì. Mo máa ń yan kéèkì fún ayẹyẹ nínú ilé, nítorí náà mo ní òṣùwọ̀n. Ní oṣù kìíní ọdún yìí, mo wọn gbogbo àjẹkù tó jáde nílé ìdáná wa fún ọ̀sẹ̀ kan. Kílò mẹ́sàn-án ni. Ó yà mí lẹ́nu, torí mo gbà pé a kì í fi oúnjẹ ṣòfò. A kì í fi ṣòfò lóòótọ́; èèpo ló pọ̀ jù. Ẹni tó bá bẹ iṣu fún ènìyàn márùn-ún, kó wo ohun tó kù sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ọkọ̀ akólẹ̀ máa ń wá lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ládùúgbò wa. Tí kò bá wá, àpò á máa pọ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ajá á fà á ya, omi á máa ṣàn jáde lábẹ́ rẹ̀ wọ inú gọ́tà. Bébà àti ọ̀rá kì í rùn. Ike kì í rùn. Oúnjẹ tó wà láàárín wọn ló ń rùn, òun ló sì ń ba èyí tó kù jẹ́, tí àwọn tó ń ṣa ike tà kò fi ní fẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́. Tí ó bá sì dé ààtàn ńlá, bí èyí tó wà ní Olusosun l'Ọ́jọ́tà, wọ́n á da òmíràn lé e lórí, afẹ́fẹ́ ò ní lè wọlé sí i, á sì máa mú gáàsì mẹ́táànì jáde. Gáàsì yẹn máa ń mú ayé gbóná ju gáàsì kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì lọ ní ìlọ́po tó lé ní 25 láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, ó sì tún máa ń gbiná. Àwa tí a wà ní Èkó ní oṣù kẹta ọdún 2018 ò tíì gbàgbé iná tó jó ààtàn Olusosun àti èéfín tó bo Ọ̀jọ́tà. Láti ìgbà yẹn ni àpò ìdọ̀tí ilé mi ti ń dà mí láàmú.

Ọ̀nà tí mo rí ni èyí tí àwọn ará Jàpáàn ń pè ní bokashi. Àwọn àgbẹ̀ wọn ti ń ṣe irú rẹ̀ tipẹ́. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni Teruo Higa, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ọ̀gbìn ní Yunifásítì Ryukyus ní erékùṣù Okinawa, wá kó oríṣiríṣi kòkòrò àìfojúrí pọ̀ sínú omi kan tó pè ní EM. Mẹ́ta ni èyí tó ṣe kókó nínú wọn: àwọn tó ń mú nǹkan kan bí ògì ṣe ń kan, àwọn yíìsì, àti irú kan tó ń lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Wọ́n á fi omi yìí po èérí àlìkámà tàbí èérí ìrẹsì, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á máa bù ú wọ́n orí àjẹkù nínú rọ́bà tó dé pinpin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí rọ́bà bá ti kún, wọ́n á lọ rì í mọ́lẹ̀. Ẹran ń wọ inú rẹ̀, ẹja ń wọ inú rẹ̀, oúnjẹ sísè náà ń wọ inú rẹ̀, àwọn ohun tí a kì í dá láṣà dà sórí òkìtì ajílẹ̀ ojú ọgbà. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé wọ́n ní kì í rùn.

Mo ra èérí náà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àpò kékeré kan ni, owó rẹ̀ sì ga, mo wá ń ná an bí ẹni ń ná góòlù: ìwọ̀n díẹ̀ lónìí, ìwọ̀n díẹ̀ lọ́tùnla. Gbogbo ará ilé ló ń ṣí rọ́bà. Ọmọ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, á ṣí i. Àbúrò ọkọ mi fọ àwo, á ṣí i, á da omi ọbẹ̀ sí i. N kò lu ihò sí ìdí rẹ̀, n kò fi ẹnu ẹ̀rọ sí i, omi tó ń sun jáde lára èèpo wá kó jọ sísàlẹ̀. Ìdérí rẹ̀ sì ti sán létí láti ìgbà tí wọ́n ti fi irin ṣí pẹ́ńtì.

"Kò kan. Ó rà ni."

Èmi àti ọkọ mi fi ọ̀rá mẹ́ta we rọ́bà yẹn. Bọ̀dá mi kan tó ń kọ́lé ní Ìkòròdú gbé e lọ, ó gbẹ́ kòtò tó jìn dé orúnkún lẹ́yìn ilé náà, ó da gbogbo rẹ̀ sí i, ó sì bò ó. Ọ̀rọ̀ tí ọkọ mi sọ lálẹ́ ọjọ́ náà kò pọ̀: "Ṣé ó tán?" Mo ní ó tán.

Kò tíì tó ọ̀sẹ̀ kan tí mọ́mì mi fi wá láti Ìbàdàn. Ògì ni mọ́mì mi ń tà. Àgbàdo ni wọ́n fi tọ́ wa, wọ́n ti ń rẹ ẹ́, wọ́n ti ń lọ̀ ọ́, wọ́n ti ń sẹ́ ẹ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mo ti fọ rọ́bà náà, mo fi omi ìfọṣọ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo dojú rẹ̀ dé sí báńkóònì. Mọ́mì tẹ̀ síwájú, wọ́n gbé e, wọ́n gbóòórùn inú rẹ̀, wọ́n sì bi mí léèrè ohun tí mo fi ṣe. Mo ṣàlàyé. Mo ní mo fẹ́ kí èèpo kan ni.

"Èyí ò kan. Ó rà ni."

Mo ní kí ni ìyàtọ̀ níbẹ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni pé n kò dàgbà nílé wọn.

"Ẹ̀gẹ́ tá a rẹ sómi fún fùfú, ìgbà wo lo rí ìdin nínú ẹ̀?"

"N ò rí i rí, mà."

"Kí ló dé?"

"Torí ó wà nínú omi."

"Torí omi bò ó mọ́lẹ̀. Èyí tó bá yọrí síta, àbí kì í bu ni? A kì í ṣí i wò lójoojúmọ́. A kì í da ọbẹ̀ sí i. Ìwọ ń ṣí tìẹ bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló yí gbogbo nǹkan padà fún mi, mo sì fẹ́ dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, torí pé nínú gbogbo ohun tí mo kà, kò síbi tí wọ́n ti là á tó bẹ́ẹ̀. Èdè wa ti ya nǹkan méjèèjì sọ́tọ̀. Ògì á kan. Ẹran á rà. Wàrà á kan. Ẹja á rà. Ìyá tó bá ṣí ìkòkò ògì, tí ó sì fi imú mọ̀ pé ó kan, kò ní dà á nù, inú rẹ̀ á dùn ni. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò náà ni pé àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú nǹkan kan ń jẹ ṣúgà inú àgbàdo, wọ́n sì ń sọ ọ́ di ásíìdì. Omi lásán wà ní 7 lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní pH; bí nǹkan bá ṣe ń kan tó ni nọ́ńbà rẹ̀ ń wálẹ̀ tó. Ògì tó kan dáadáa máa ń wà ní àyíká 4. Níbẹ̀, àwọn tó ń mú nǹkan rà kò lè gbé. Rọ́bà tó bá kan, bákan náà ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń mú nǹkan kan kì í fẹ́ afẹ́fẹ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tètè pọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Tí afẹ́fẹ́ bá ń wọlé, tí omi bá kún, tí wọn ò bá pọ̀ tó láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn amúnǹkanrà á gba ilé mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìdin sì tún ní ọ̀nà tirẹ̀: eṣinṣin ti yé ẹyin sára ẹja tó sùn sórí àwo mọ́jú kí n tó dà á sí rọ́bà. Èmi ni mo gbé e wọlé.

Mo ní kí n má gbàgbé irú, kí ẹnì kan má baà sọ pé òun náà ni à ń bò mọ́lẹ̀. Irú kì í kan. Kòkòrò mìíràn ló ń ṣiṣẹ́ lára irú, ti tirẹ̀ ń gòkè lórí òṣùwọ̀n yẹn ni, ìdí nìyẹn tí òórùn rẹ̀ fi rí bó ṣe rí. Ẹni tí rọ́bà rẹ̀ bá ń rùn bí irú, kó mọ̀ pé kò tíì ṣe é débẹ̀.

Omi ògì

Mo sọ fún mọ́mì pé èérí tí mo rà ti tán, owó òmíràn ò sì sí. Wọ́n bi mí pé kí ni wọ́n fi ṣe é. Mo kà á fún wọn: wọ́n á fi omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì sílẹ̀ títí á fi kan, wọ́n á dà á sínú mílíìkì, mílíìkì á dì, omi pupa-rúsúrúsú tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n á lò. Ọ̀nà yẹn dára, mo mọ ẹni tó ń ṣe é. Mọ́mì gbọ́ "mílíìkì", wọ́n mi orí.

"Omi orí ògì ńkọ́?"

Mo lọ wá a kà. Àwọn onímọ̀ ti yẹ omi ògì wò láti ọjọ́ pípẹ́: kòkòrò amúnǹkankan tí wọ́n ń pè ní Lactobacillus plantarum ló pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú yíìsì irú èyí tí à ń fi ṣe búrẹ́dì. Méjì nínú mẹ́ta tó wà nínú EM nìyẹn. Ìkẹta, èyí tó ń lo oòrùn, kò sí níbẹ̀, kò sì dí mi lọ́wọ́.

Bí a ṣe ṣe é nìyí. Mọ́mì ní kí n má lo omi àkọ́kọ́ tí a fi rẹ àgbàdo, torí òórùn rẹ̀ le, àti torí pé ohunkóhun lè wà nínú rẹ̀. Omi orí ògì tí a ti sẹ́, tó ti tòrò fún ọjọ́ mẹ́ta, ni a lò. A bu lítà kan. A yo ṣúgà ṣíbí ìjẹun mẹ́ta sí i. Èérí tó kù sínú asẹ́, èyí tí mọ́mì máa ń fún ẹni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀, ni wọ́n gbé wá fún mi nínú àpò, wọ́n ti sá a gbẹ. Mo tún fi èérí àlìkámà kún un, èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń sin adìyẹ. Mo ń wọ́n omi náà sí i díẹ̀díẹ̀, mo ń fi ọwọ́ pò ó. Mọ́mì ló ń sọ ìgbà tí kí n dúró: wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n fún un, ó dì mọ́ra bí èkuru, omi kankan ò kán. Wọ́n fi ìka kan tì í, ó fọ́. "Ó tó." Mo rọ ọ́ sínú ọ̀rá méjì tó nípọn, mo fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde títí ọ̀rá fi lẹ̀ mọ́ ọn lára, mo so ó, mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn fún ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Nígbà tí mo tú u, òórùn rẹ̀ dà bí ti ẹ̀kọ ọjọ́ kejì, pẹ̀lú nǹkan díẹ̀ bíi ti ẹmu. Ó bu funfun lójú ibì kan, bí òwú. Funfun ò burú. Tí ó bá jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí dúdú, dà á nù. Mo sá a sábẹ́ òjìji fún ọjọ́ mẹ́ta, ó gbẹ, mo rọ ọ́ sínú ike garawa tó ní ìdérí. Ó lé ní kóńgò mẹ́jọ. Owó tí mo ná sórí rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́rin owó àpò kékeré tí mo rà lákọ̀ọ́kọ́.

Rọ́bà kejì

Rọ́bà méjì ni mo lò lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀kan wọ inú èkejì. Mo fi ìṣó tí mo yan nínú iná lu ihò bí ogún sí ìdí èyí tó wà nínú, kí omi lè máa kán sínú èyí tó wà níta. Mo ra ìdérí tuntun lọ́wọ́ àwọn tó ń ta rọ́bà lójà, mo sì dán an wò: mo fi omi kún rọ́bà náà, mo dé e, mo dà á dùbúlẹ̀. Kò jò. Tí omi ò bá lè jáde, afẹ́fẹ́ ò ní fi bẹ́ẹ̀ wọlé.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣòfin fún ará ilé. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣí rọ́bà àyàfi èmi. Abọ́ kékeré kan tó ní ìdérí wà lórí síǹkì, ibẹ̀ ni gbogbo èèpo ọjọ́ kan á máa lọ, oúnjẹ ò sì gbọ́dọ̀ wà láìbò kí eṣinṣin tó bà lé e. Omi ọbẹ̀ ò wọ rọ́bà mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, mo máa ń da abọ́ náà sórí pátákó, mo máa ń gé èèpo iṣu sí kéékèèké bí ẹni ń gé ilá, mo máa ń dà á sí rọ́bà, mo máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ èérí kan wọ́n ọn. Tí ẹja tàbí ẹran bá wà níbẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ méjì. Mo máa ń fi ìdí abọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi le, mo máa ń tẹ́ ọ̀rá lé e lórí, mo máa ń gbé ọ̀rá tí mo rọ iyanrìn sí lé ọ̀rá yẹn, kí afẹ́fẹ́ má baà ráyè. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ọjọ́ kẹta, mo yọ rọ́bà inú, mo rí omi tó kán sílẹ̀: bí ìdajì ife, àwọ̀ rẹ̀ bíi ti lípítónì. Mo gbé imú sún mọ́ ọn. Ó kan. Mo pe àbúrò ọkọ mi kó wá gbóòórùn rẹ̀, ó ní ó dà bí ẹni tó gbàgbé ọsàn sínú àpò. Bàbá onílé gòkè wá lọ́jọ́ kẹjọ láti gba owó omi, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n wò yíká. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa òórùn. Mo sọ fún wọn fúnra mi pé rọ́bà mìíràn wà níbẹ̀, mo ṣí i fún wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbóòórùn, wọ́n ní: "Bí omi ẹ̀kọ."

Ó kún lọ́jọ́ kẹtàlá. Mo dé e, mo fi téèpù lẹ ẹnu rẹ̀ yíká, mo kọ ọjọ́ sí i lára, mo sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Nítorí náà, rọ́bà alápapọ̀ méjì ni ilé ẹlẹ́ni márùn-ún nílò: ọ̀kan tó ń kún, ọ̀kan tó ń kan. Tí mo bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, n kò ní máa rọ́ àjẹkù tuntun lé ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Àṣìṣe mi kan ṣoṣo nínú rọ́bà kejì wà lára omi rẹ̀. Mo kà pé ó dára fún ewéko. Ata mẹ́ta wà nínú ike ní báńkóònì, mo da ife kan sí ìdí ọ̀kan láìbù omi là á. Ọjọ́ kejì, ewé rẹ̀ ti rọ, etí wọn jó bí bébà tí iná là. Ó kú. Ásíìdì ni, ó le ju ohun tí gbòǹgbò lè gbà lọ. Ìwọ̀n tó tọ́ ni ọ̀kan sí ọgọ́rùn-ún: ìdérí ìgò omi kan nínú ìgò omi tó gba 50cl. Ata méjì tó kù ń mu ún bẹ́ẹ̀ báyìí, wọ́n sì ń so. Èyí tí mi ò bá lò láàárín ọjọ́ kan, mo máa ń dà á sínú ihò síǹkì láìbù omi là á, òórùn ihò yẹn sì ti dín kù.

Àpò ìrẹsì

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń já sí nìyí: rọ́bà tó kan tán kì í ṣe ajílẹ̀. Èmi náà rò pé màá ṣí i bá ilẹ̀dú. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá, mo ṣí i, èèpo iṣu ṣì jẹ́ èèpo iṣu. Ó ti rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, bí ewébẹ̀ tí a bọ̀, ṣùgbọ́n o ṣì lè tọ́ka sí orí edé. Ilẹ̀ ló máa parí iṣẹ́ náà. Ẹni tó ní ọgbà á gbẹ́ kòtò. Èmi ò ní ọgbà, mo wá ra àpò iyẹ̀pẹ̀ dúdú méjì lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, mo sì lo àpò ìrẹsì tó ti ṣófo.

Mo da iyẹ̀pẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpò, ó ga tó ìka. Mo da rọ́bà náà àti iyẹ̀pẹ̀ tó tó ìlọ́po méjì rẹ̀ sórí ọ̀rá ní báńkóònì, mo fi ọwọ́ tí mo wọ ìbọ̀wọ́ sí pò ó papọ̀ títí èèpo kankan ò fi dá wà, mo rọ ọ́ sínú àpò, mo fi iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ bò ó lórí, kí eṣinṣin má baà ríbi wọ̀. Mo ká ẹnu àpò, n kò so ó, torí pé níbí afẹ́fẹ́ ti di ohun tí a ń fẹ́. Oṣù kẹrin ti ń parí lọ, òjò ti bẹ̀rẹ̀, mo fi ọ̀rá bò ó lórí kó má baà rin.

Ọjọ́ kẹrin, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọjọ́ kẹwàá, mo gbóòórùn kíkan díẹ̀, mo rí okùn funfun tín-ínrín tó ta ká bí òwú aláǹtakùn. Ọjọ́ kejìlélógún, mo da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ wò. N kò rí iṣu. N kò rí ọ̀gẹ̀dẹ̀. N kò rí ìrẹsì. Ohun tó kù ni eegun ẹja díẹ̀ tó ń fọ́ lọ́wọ́, èèpo ẹyin, kóró mángòrò méjì, àti sítíkà kékeré kan tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ápù. Iyẹ̀pẹ̀ náà ti dúdú sí i, ó rọ̀, òórùn rẹ̀ dà bíi ti ilẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Mo ṣa kóró mángòrò kúrò, mo jẹ́ kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan sí i kí kíkan rẹ̀ lè tán pátápátá, mo wá gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sí i nínú àwọn àpò mẹ́ta.

Ewédú ọ̀ún hù lọ́jọ́ karùn-ún. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún mo já èyí tó sè tó abọ́ kan, àwa márùn-ún sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú àmàlà. N kò ní sọ pé ó dùn ju ti ọjà lọ. Ó tutù, kò sì ní iyanrìn nínú.

Ohun tó ṣì ń lọ

Àwọn nǹkan kan wà tí rọ́bà yìí ò lè ṣe. Eegun màlúù kì í jẹrà nínú àpò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ti yọ ọ́ kúrò nínú òfin. Èèpo ẹyin náà ò tètè lọ, ṣùgbọ́n mo máa ń lọ̀ ọ́ kí n tó dà á sí i. Ìkẹta le ju ìwọ̀nyí lọ: àpò ń pọ̀ sí i. Ilé tó ń kún rọ́bà kan ní ọ̀sẹ̀ méjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣe àpò kan ní ọ̀sẹ̀ méjì, báńkóònì wa ò sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo ti ń fi iyẹ̀pẹ̀ àpò tó ti ṣiṣẹ́ tán po rọ́bà tuntun dípò kí n máa ra iyẹ̀pẹ̀, ìyẹn ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀, ó sì tún ń yá ju ti àkọ́kọ́ lọ torí kòkòrò ti kún inú rẹ̀.

Èyí tó kù, bàbá onílé ló yanjú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ògiri kan wà lẹ́yìn ilé, láàárín tánkì omi àti fẹ́ńsì, ibi tí wọ́n máa ń kó búlọ́ọ̀kù fífọ́ sí. Ní oṣù kẹfà, wọ́n rí tẹ̀tẹ̀ náà ní báńkóònì láti ìsàlẹ̀, wọ́n pe ọmọ mi àgbà, wọ́n ní kó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ohun tó wà nínú rọ́bà yẹn ló mú kó rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ mi àti ọmọ wọn kó búlọ́ọ̀kù náà kúrò. Àpò mẹ́rin wà níbẹ̀ báyìí. Ìyá tó ń ta àkàrà nílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èèpo ẹ̀wà rẹ̀ fún mi láràárọ̀, nínú ọ̀rá, ó rin ṣinṣin. Mo ní láti máa fún omi rẹ̀ kúrò kí n tó dà á sí rọ́bà, mo sì máa ń bu èérí lé e ju ti àwọn yòókù lọ.

Mọ́mì ń bọ̀ láti Ìbàdàn ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti ní kí wọ́n bá mi gbé omi orí ògì lítà méjì wá, torí èérí inú garawa ti lọ sílẹ̀. Rọ́bà mìíràn wà lábẹ́ síǹkì bí mo ṣe ń kọ èyí, ọjọ́ kẹsàn-án rẹ̀ nìyí. Mo yọ èyí tó wà nínú láàárọ̀, mo da omi rẹ̀: kò tó ìdajì ife, ó kan.